Jẹ́ Kí Àwọn Ẹja Náà Ṣì Wà Lọ́dọ̀ Mi

Ọmọ́wùnmí, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí o tó ka ọ̀rọ̀ mìíràn, kọ́kọ́ gbọ́ èyí: àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè. Wọ́n jẹun láàárọ̀ yìí, wọ́n sì tún ń wo ọwọ́ mi bíi pé mo fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Ọkàn rẹ ti balẹ̀. Ó yá, wá ibì kan jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ tó kàn ò ní dùn mọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ wá kó wọn lọ́jọ́ Sátidé. Má wá kó wọn.

Ìyá Sọfíà tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n béèrè ọkọ, kí n béèrè ara, kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ti kọ ọ́, ó sì ń mi orí. O mọ̀ ọ́n, aládùúgbò mi tó ń ta tòmátì àti tàtàṣé ní Mile 12. Mo ti ṣèlérí pé bó bá bá mi kọ èyí tán, n ó bá a tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ kàn. Mi ò kàwé, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n orí fóònù kọ́ la ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí fóònù, bí mo bá sọ ẹyọ kan, wàá sọ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wàá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, èmi náà á sì pa fóònù. Kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé lẹ́nu. Wàá kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ. Ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò tíì rí ilé yín ní Anthony láti ìgbà tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Wọ́n ti gbọ́ pé ìyàwó ọmọ wọn fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ní ẹja inú òkun lòun fẹ́ máa sìn sínú dígí fún àwọn èèyàn nílé àti níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí irú iṣẹ́ tíyẹn jẹ́. Ojú sì ń tì ọ́, torí pé táǹkì ńlá tó wà ní pálọ̀ rẹ, òkúta, edé àti ìgbín nìkan ló kù níbẹ̀. Ìyẹn lo fi ní ara àwọn ẹja ti mọ́, pé o fẹ́ kó wọn padà kí àlejò tó dé. O sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí àwọn tó kù yìí bá kú, o máa padà sí ọ́fíìsì, o ò ní fọwọ́ kan omi iyọ̀ mọ́ láyé rẹ.

Ìdáhùn mi ló ń bọ̀ yìí, mo sì ti tò ó sórí bí mo ṣe ń to ẹja sórí àgbọ̀n, ńlá lókè, wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀.

Àkọ́kọ́. Bí funfun bá kúrò lára ẹja, ìyẹn ò ní kó jẹ́ pé àrùn ti lọ.

Ìwọ lo kọ́ mi. Àbí o ti gbàgbé? Lọ́jọ́ tó o gbé wọn dé yàrá mi ní Ketu, ara wọn dà bíi pé èèyàn bu iyọ̀ wọ́n wọn. Wọ́n ń fi ara họ ohun gbogbo tí wọ́n bá kàn, wọ́n ká lẹbẹ wọn mọ́ra, wọ́n sì ń mí bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè. O jókòó sórí ibùsùn mi, o ṣàlàyé pé kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wọ abẹ́ awọ wọn. O ní bó bá jẹun yó, á já bọ́, á lọ lẹ̀ mọ́ iyanrìn àti òkúta, á bí ọmọ rẹpẹtẹ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì tún jáde wá ẹja tí wọ́n máa bà lé. O ní ìgbà tó bá já bọ́ yẹn gan-an ni ara ẹja máa ń mọ́, tí ẹni tí kò mọ̀ á máa dúpẹ́. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Báwo ni ìyá ọkọ ṣe wá lè mú ọ gbàgbé ohun tó o fẹnu ara rẹ sọ?

Jẹ́ kí n sọ ti tèmi fún ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá rẹ nígbà náà, a ṣì wà ní Agboyi. Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn. Bí ara mi ṣe fúyẹ́ díẹ̀, mo da ìyókù oògùn náà sódò, mo mú àjẹ̀, mo lọ ta àwọ̀n. Mo ní ọkùnrin ni mí. Ibà yẹn padà wá, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti lọ gbé mi bí ẹja tó ti kú. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi lè dìde jókòó. Ọjọ́ tó wá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kò gùn.

“Àwọn ẹja odò ti bá ọ lo oògùn rẹ. Àwọn ni kó máa sè fún ọ.”

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀kejì, mo wá fẹ́ tètè gbádùn, mo gbé oògùn ìlọ́po méjì mì. Etí mi ń hó bí ìkòkò, mo ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Nítorí náà, àti ẹni tó dá oògùn dúró kó tó tán, àti ẹni tó ń bu ú jù, mo ti jẹ́ méjèèjì. Oògùn olómi búlúù tó o fi síbí, tó ní bàbà nínú, ìwọ̀n rẹ̀ ni kó o máa bá lọ. O ní bó bá pọ̀ jù ó ń pa ẹja, bó bá kéré jù kòkòrò á máa fi wẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lo ní ká máa gbé e sókè, kí a máa fi ìgò kékeré yẹn wo àwọ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe é. Ọjọ́ tó o dá fún un ò tíì pé, mi ò sì ní yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ nítorí àlejò, ì báà ṣe ọba.

Táǹkì ńlá tó wà lọ́dọ̀ rẹ náà ò tíì ṣe tán. Oògùn yìí ò ṣeé dà sí i, torí ó máa pa edé àti ìgbín inú rẹ̀, òkúta á sì mu ún. Ebi ló máa pa kòkòrò tó wà níbẹ̀. O ní ó máa gbà ju oṣù méjì lọ láìsí ẹja kankan nínú rẹ̀. Bó o bá kó àwọn mẹ́rin yìí síbẹ̀ ní Sátidé, oúnjẹ lo gbé lọ fún kòkòrò tí ebi ti ń pa.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ gbígba àlejò.

Mo wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ tí àwọn tuntun márùn-ún yẹn dé. Nínú ọ̀rá ni wọ́n ti wá láti ọ̀nà jíjìn, omi inú ọ̀rá ti dọ̀tí, ojú wọn ti wọnú. O kúnlẹ̀ síwájú wọn, o ní, “Ẹ káàbọ̀ o.” Mo rẹ́rìn-ín títí. O tú wọn sínú táǹkì pálọ̀ lójú ẹsẹ̀, o tan gbogbo iná, o da oúnjẹ sí i, o pe àwọn ará ilé òkè kí wọ́n wá wò ó. Èmi náà ń pariwo láti ẹ̀yìn pé kí o fi oúnjẹ kún un, ebi ọ̀nà ń pa wọ́n. Kò sí Yorùbá tó máa dá ọ lẹ́bi. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Àlejò kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, a kì í sì í bi í léèrè ohun tó ń ṣe é kó tó jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹja méjì ti wà nínú ilé yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn aláwọ̀ omi ọsàn tó nílà funfun, tí Délé ọkọ rẹ fi ta ọ́ lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó. Wọ́n ń gbé jẹ́jẹ́ wọn. Àwọn àlejò ló gbé àrùn bá wọn nílé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ara gbogbo wọn ti funfun, mẹ́ta nínú àwọn àlejò sì ti kú.

Wàá wá ní, kí ni ká ṣe, ṣé ká máa fi àlejò sí ìta ni? Rántí ọjọ́ ìgbéyàwó tìrẹ. Nígbà tí a mú ọ dé ilé bàbá Délé, wọn ò jẹ́ kí o kọjá ẹnu ọ̀nà. O dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ. Ìyá ọkọ rẹ fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n da omi tútù sí ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó fà ọ́ lọ́wọ́ wọlé. Ṣé o bínú? Ṣé o ní wọn ò fẹ́ràn rẹ? Ilé tó bá fẹ́ràn ìyàwó ló ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ohun tí ẹsẹ̀ bá kó lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà ló yẹ kó kù sí.

Ẹja tuntun náà, ìyàwó ni. Fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

O mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, mo rí i. Lọ́jọ́ tó o wẹ̀ fún wọn nínú omi tí kò ní iyọ̀, tó o kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná mọ níwọ̀n bíi ti omi wọn, aláwọ̀ búlúù yẹn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo ní ó ti kú. O ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ariwo, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” O ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Kò pẹ́, o gbé e padà sínú omi iyọ̀, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ bíi pé kò mọ̀ wá rí. Ìwẹ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ìwọ náà ló sọ pé ara òde nìkan ló ń fọ̀, pé èyí tó ti wọ abẹ́ awọ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ẹsẹ̀ fífọ̀, yàrá ọ̀tọ̀. Ẹja yòówù kó wọlé láti òní lọ, bó rẹwà bí oòrùn àárọ̀, bí oníbàárà ń pe fóònù lé fóònù, yàrá ọ̀tọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀, kó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀. Àwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀, korobá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ tó bá kan omi rẹ̀, kí o fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ, kó tó kan omi mìíràn. Lọ́jọ́ tó bá sì dé, pa iná, má fún un lóúnjẹ púpọ̀. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ìsinmi ló ń wá.

Ìyá Sọfíà ní kí n jẹ́ kí òun fi tiẹ̀ kún un. Ó ní bí tírélà bá já tòmátì sílẹ̀ láti òkè Ọya, òun kì í da tuntun lé èyí tó kù lánàá, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ti rọ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Òun á kọ́kọ́ ṣà á. Mo ní ṣé mo bi í ni? Ó ní ọwọ́ òun ni bírò wà.

Ẹ̀kẹta.

Kí o tó ra ẹja, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó fún un lóúnjẹ lójú rẹ. Bí kò bá jẹun, fi í sílẹ̀. Wo àwọn tó ń bá a gbé. Bí òkú kan bá wà nínú dígí yẹn, má ra alààyè inú rẹ̀, bó ti wù kó máa jó. Ìyá mi ò gbà kí n fẹ́ ìyá rẹ títí wọ́n fi rí i níbi tó ti ń jẹun. Wọ́n lọ sí ilé wọn bí ẹni tó fẹ́ ra epo, wọ́n jókòó pẹ́ títí oúnjẹ fi jinná. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní kí n lọ fẹ́ ẹ, pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà báyẹn ò ní kú sí mi lọ́wọ́ kíákíá. Wọ́n ṣì í, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣì í. A gbé ayé dáadáa kó tó lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbé níbí, kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Aláwọ̀ búlúù ni Baálẹ̀, torí ó ti gba páìpù tó tóbi jù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú rẹ̀ láìkí i. Yẹ́lò ni Wọ̀bìà. Àwọn olómi ọsàn méjèèjì, Tọkọtaya ni mò ń pè wọ́n. O ní èyí tó tóbi ni ìyàwó, àti pé òun ló ń pàṣẹ. Mo ti wò wọ́n dáadáa, òótọ́ ni. Bí oúnjẹ bá bọ́, ìyàwó á kọ́kọ́ jẹ, ọkọ á dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbọ̀n lẹbẹ. Mo sọ fún Ìyá Sọfíà pé bí ilé tèmi náà ṣe rí nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́ fún wa.

Dígí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ṣófo jù lójú mi. Kò sí iyanrìn, kò sí òkúta, àfi páìpù àwọn púlọ́ńbà tó o gé síbẹ̀ kí wọ́n lè máa wọ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo bẹ ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn ní Agboyi, ó bá mi mú òkúta wẹ́wẹ́ wá, dídán, ó rẹwà. Mo ti fọ̀ ọ́, ó ti wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ jù ú sí i, ni mo bá rántí pé o ní òkúta máa ń mu oògùn, kòkòrò sì máa ń fi í ṣe ibùsùn. Mo kó o sẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni Ìyá Sọfíà ń tẹ̀ báyìí bí òjò bá rọ̀.

Ti iyọ̀ ńkọ́? O bú mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, o jàre. Mo rí i pé omi ti lọ sílẹ̀ nínú dígí, mo po omi iyọ̀ sí i kó lè kún. Ó tún lọ sílẹ̀, mo tún po òmíràn. Wọ̀bìà wá dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan, kò jẹun, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. O sọ fún mi pé omi nìkan ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í fẹ́ lọ. Lẹ́yìn tó o pa fóònù ni mo wá rí bí mo ti gọ̀ tó. Ọbẹ̀ tó bá gbẹ lórí iná, ta ló ń bu iyọ̀ sí i? Omi lásán la ń bù sí i. Ó ti yé mi wàyí. Mo ti fi ẹyín èédú fa ìlà sára dígí níta. Bó bá lọ sílẹ̀ kúrò níbi ìlà, omi tí kò ní iyọ̀ ni mò ń fi kún un. Bó bá jẹ́ omi tó ti dọ̀tí la fẹ́ pààrọ̀, ìyẹn ló gba omi iyọ̀ tó o pò sínú kẹ́ẹ̀gì. Dígí kékeré máa ń tètè dọ̀tí, ohun tí wọ́n bá yà sílẹ̀ á sì máa ta wọ́n lójú àti níbi tí wọ́n fi ń mí. Oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ kù, mo ń fà á jáde.

Ìyá Sọfíà ní a ti dé ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Mo ní a ṣì wà lórí ẹ̀kẹta. Kó kàn máa kọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ Délé ló kàn. Mo gbọ́ pé ẹ ò sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ó sọ pé ẹja ni, wọ́n á tún ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ ní Ketu láti àárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Mo ń fi ife bu omi, mò ń dà á padà láti òkè kó lè rí atẹ́gùn, ọwọ́ mi ti ń ro mí. Ẹni tó wọlé ni Délé. Ibi iṣẹ́ ló ti yà, ó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì lọ́wọ́. Ó tò ó, ó sì ń hó wùwùwù. Kò lọ. Ó fa àpótí jókòó síwájú dígí, ó ń wo Tọkọtaya. Ó bi mí bóyá mo rò pé wọ́n máa yè é. Mo ní bí ẹ kò bá kánjú. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun wá, pé o máa rò pé ẹ̀bẹ̀ lòun ń bẹ̀. Mo ti sọ fún ọ. Ọkùnrin mìíràn wà tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, kò ní ra bátìrì. Má bá a yan odì nítorí ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti sọ nǹkan mìíràn. Òun náà ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Kò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ikú.

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa ọ̀rọ̀ lára. Mo ti sin ìyá rẹ. Kó tó kú, a ti jọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin. Nígbà tó o sunkún nítorí ẹja mẹ́ta, àwọn kan fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ ẹni, tó ń retí ẹni láàárọ̀, bó bá kú, ó kú náà ni. Sunkún rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé òkú kúrò nínú omi, torí òkú tó bá pẹ́ níbẹ̀ á fa alààyè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo èyí tó kù, bi í léèrè ohun tó fẹ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Lẹ́yìn ìyá rẹ, mo ní ohunkóhun tó bá ń mí ò tún ní gbé lọ́dọ̀ mi mọ́, ì báà ṣe adìẹ. Ìwọ lo wá gbé dígí dé láìbi mí, o ní yàrá rẹ kéré, omi inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ta sí táǹkì pálọ̀, àti pé èmi nìkan ni mo máa ń wà nílé ní gbogbo ọjọ́. Inú bí mi sí ọ. Ìyá Sọfíà gbọ́ nígbà tí mo ń sọ pé ilé ìwòsàn ẹja kọ́ ni mo háyà.

Báyìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tó bọ́jú, mo ti ń kí Baálẹ̀. Ìyá Sọfíà ní òun ń gbọ́ ẹ̀rín láti ara ògiri, òun rò pé mo ní àlejò obìnrin. Mo ní kó má kọ ìyẹn, ó ti kọ ọ́.

Àṣàkẹ́, àwọn mìíràn á ṣì kú lọ́wọ́ rẹ níwájú. Bí o bá ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ọ̀kan á ṣì kú. Ìyẹn kọ́ ló ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́. Àwọ̀n mi ya lọ́pọ̀ ìgbà ní odò Ògùn, mi ò lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. O mọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó lè jókòó sórí ibùsùn mi, kó ṣàlàyé kòkòrò tí ojú ò rí fún bàbá tí kò kàwé títí tó fi yé e, kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan ṣeré. Bí ọ́fíìsì bá ń pè ọ́ torí pé o fẹ́ràn ọ́fíìsì, lọ. Bó bá jẹ́ pé ìtìjú ọjọ́ Sátidé kan ló ń lé ọ síbẹ̀, jókòó.

Nítorí náà, má sá fún ìyá ọkọ rẹ. Bí wọ́n bá dé, mú wọn lọ síwájú táǹkì pálọ̀, jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe rí. Sọ fún wọn pé àrùn wọlé, pé o ń lé e jáde, kò sì tíì tán. Wọ́n ti tọ́ ọmọ, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Fi edé hàn wọ́n. Mo gbọ́ pé edé náà mọ iṣẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti Délé mú wọn wá sí Ketu. Bẹ́ẹ̀ ni, sọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, àlejò kankan ò tíì jẹun ní yàrá yìí. Ẹnu ọ̀nà la ti ń sọ̀rọ̀ tán. Ìyá Sọfíà ti dá bírò dúró, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un sọ fún un. Kí wọ́n wá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wo ẹja mẹ́rin tí ìyàwó ọmọ wọn gbà lọ́wọ́ ikú, níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Kí wọ́n má ki ọwọ́ bọ omi ni o.

Ìrẹsì la máa sè. Ìyá Sọfíà bi mí pé irú ẹja wo ni kí òun bá wa rà bọ̀ lọ́jà. Mo ní kó ra adìẹ. Mo ti ń jẹ ẹja láti kékeré, mi ò sì ní jáwọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n níwájú àwọn mẹ́rin yìí, kò yẹ.

Bàbá rẹ ní Ketu.